Sí Dúpẹ́, Tí Mo Fi Bọ́ọ̀sì Gbé Lọ, Tí Kò Bá Mi Padà

Dúpẹ́ ọmọ mi, ìyá mi, okun o. Màá tún kí ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kí ẹ bí ará Kábà níbi tó o wà yẹn: okun o. Ara mi le. Orí mi ò tíì hu ewú kankan. Àná yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí fọ́tò àwa méjèèjì lórí fóònù mi ní páákì, ó ní àbúrò mi yìí mà rẹwà o. Mi ò sọ fún un pé bàbá ẹ ni mí. Mo ní kó máa lọ jẹ́jẹ́, pé àbúrò mi ò fẹ́ onímọ́tò.

Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ìwé yìí, ní páákì Lọ́kọ́ja ní Kábà níbí, níbi tó o ti máa ń bọ́ sílẹ̀ tó o bá ti iléèwé nọ́ọ̀sì dé. Ìwé wà lórí sítíárìn, bírò wà lọ́wọ́ mi, èrò ò sì tíì kún. Ìyá kan jókòó sẹ́yìn mi, ó ń na ọrùn láti mọ ohun tí dírẹ́bà ń kọ kó tó gbéra. Mo ní ìwé ìhágún mi ni. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíì. Mi ò bínú, ó fún mi láyè láti kọ̀wé.

O mọ̀ pé èmi àti ìwé ò rìn jìnnà. Mo kúrò níléèwé kí wọ́n tó lé mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè ẹ́ lórí fóònù, mo mọ ara mi. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ báyìí, àwàdà ló máa bẹ̀rẹ̀, wàá rẹ́rìn-ín, nẹ́tíwọ̀kì á já, mi ò sì ní tíì sọ nǹkan kan. Nínú ìwé, o ò lè fẹ̀rín dá mi dúró.

Ohùn tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù màmá ẹ, mo ti gbọ́ ọ. Mo ti gbọ́ ọ títí mo fi mọ ibi tí àkùkọ ti kọ nínú ẹ̀. O ní Kòjó tíṣà sọ fún ẹ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. O ní ọkàn ẹ gbà á. O ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ máa gbé, ní abúlé yẹn ní Tógò, wàá sì máa bá iṣẹ́ ilé ìwòsàn lọ. Ká ní ìyẹn nìkan lo sọ ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe: ǹ bá pariwo, ǹ bá halẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n o wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Dádì, tẹ́ ẹ bá ní rárá, màá padà wálé, mi ò sì ní bínú."

Hábà, Dúpẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe bàbá nìyẹn? O gbé gbogbo ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn, mo ń fi oúnjẹ sílẹ̀ ní ààbọ̀ àwo, màmá ẹ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo ṣe ń rù yìí, ẹwà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.

Òun ní tiẹ̀, ó ti jó. Ó ti sọ fún àwọn ìyá ẹgbẹ́. Èmi nìkan ló kù. Pásítọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ajíhìnrere tún ń múra láti wá sọ́dọ̀ yín, wọ́n sì ní kí n tún wá wa bọ́ọ̀sì. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Bí mo wá bí mi ò wá, ìwé yìí á bá wọn dé ọ̀dọ̀ ẹ, ìdáhùn ẹ sì wà nínú ẹ̀. Má ṣí i síbi ìparí. Mo mọ ẹ. Kà á láti òkè. Ìmọ̀ràn ló wà níbẹ̀ yẹn, àti pé ní gbogbo Kábà pátá, kò sẹ́ni tó mọ ìrìnàjò òkè òkun tó mi.

Rántí bá a ṣe lọ. Àwọn ẹlòmíì lọ wàásù, ìwọ lọ bá wọn tọ́jú aláìsàn, èmi lọ ríran. Pásítọ̀ ti ṣèlérí pé a óò máa yà wo àwọn ibi tó dára lójú ọ̀nà, ìlú orí omi lẹ́bàá Kútọ̀nú, etí òkun ní Lómè, mo sì ti sọ fún gbogbo páákì pé mò ń lọ sílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ní ṣé ìlú òyìnbó ni. Mo ní ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé ni, kí wọ́n fọkàn wọn wọ̀n ọ́n. Mo ra kóòtù dúdú. Mo ra awò dúdú. Bá a ṣe ń gba Òmùò kọjá, ooru ń pa mí lọ nínú kóòtù yẹn, mi ò bọ́ ọ, ìwọ lò ń fi ìwé orin fẹ́ mi látẹ̀yìn. Mo ṣì máa ń gbọ́ atẹ́gùn yẹn lọ́rùn nígbà míì tí mo bá ń wakọ̀. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ò kàn mọ nǹkan tí mò ń bojú wẹ̀yìn wò ni.

Nígbà tá a dé bódà ní Ìdírókò, o rántí ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n tó sanra yẹn. Ó wo kóòtù, ó wo awò, ó ní, "Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ káàbọ̀ o." Ṣé kí n ní èmi kọ́ ni? Mo gbọ́wọ́ sókè, mo súre fún un. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé a óò kàn kọjá. Ló bá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní ìyàwó òun wà lórí ẹní àìsàn, kí n bá òun gbàdúrà sí i. Mo bojú wẹ̀yìn, o ti fi gèlè dí ẹnu. Pásítọ̀ gan-an wà lọ́hùn-ún níbi tó ti ń to pasipọ́ọ̀tù. Mo di ojú. Mo ní, "Ọlọ́run, okun o," bí ẹni tó ń kí onípáákì. Mo wá rántí ìgbà tí màmá ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn tó o ṣì kéré, tí mi ò mọ ẹni tí màá ké sí, gbogbo nǹkan tí mi ò rí sọ nígbà yẹn ni mo wá fi gbàdúrà fún obìnrin tí mi ò mọ̀ rí. Nígbà tí mo lajú, omi wà lójú ọ̀gá náà, ó wà lójú tèmi náà. Ojú tì mí. Mo sọ fún un pé dírẹ́bà lásán ni mí. Ó ní òun ti mọ̀, pé bíṣọ́ọ̀bù kì í ní ọ́ìlì ẹńjìnnì lábẹ́ èékánná, àdúrà lòun kàn ń wá.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní. Má ṣe di ẹlòmíì nítorí pé o wà láàárín àwọn tí ò mọ ilé ẹ. Wọ́n á pè ẹ́ ní ohun tó o pe ara ẹ, wọ́n á sì ní kó o wá ṣe é. Tí ìyá Kòjó bá ní ṣé o mọ ọbẹ̀ àwọn sè, tó ò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Sọ fún un pé bàbá ẹ ló bà ẹ́ jẹ́, torí gbogbo ìgbà tó yẹ kó o wà nídìí ààrò, inú ọkọ̀ mi lo wà. Kì í ṣe irọ́. Tí wọ́n bá sì ti mọ ibi tí ọ́ìlì wà lára ẹ, tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ẹ, ọkàn ẹ á balẹ̀.

Ìkejì. Ìyẹn ti ìlú orí omi. Mo ti sọ fún gbogbo yín nínú bọ́ọ̀sì pé mo mọ odò wẹ̀ bí ẹja, mo sì ń retí kẹ́nì kan bi mí pé odò wo. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi yẹn mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá ẹ ni mo dì mú, mo sì ń ṣe bí ẹni pé èmi ni mò ń dì ẹ́ mú kó o má ṣubú. O jẹ́ kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. O ṣeun. Gbogbo àwọn tó kù ń ya fọ́tò, wọ́n ń ní ẹ wo ilé lórí igi, ẹ wo ọjà lórí omi. Obìnrin tó ń wà wá pọn ọmọ sẹ́yìn. O ní kí ẹni tó ń tú ọ̀rọ̀ fún wa bi í pé tí obìnrin bá ń rọbí lórí omi yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e dé ilé ìwòsàn. Obìnrin yẹn dá àjẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó ní inú ọkọ̀ bí èyí náà ni, àti pé ọmọ ò dúró dè wọ́n nígbà míì. Láti ìgbà yẹn o ò ya fọ́tò kankan mọ́. Mo rò pé òòyì omi ló ń kọ́ ẹ, mo ní kó o lá iyọ̀.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀. Àwa ń wo ìlú yẹn bí àlejò, ìwọ ń wò ó bí ẹni tó máa sùn síbẹ̀. Má fi ojú yẹn sílẹ̀. Tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlejò nínú ilé ọkọ ẹ, tó o ń wo gbogbo nǹkan láti òkèèrè, tó o ń ní ní Kábà a kì í ṣe báyìí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Béèrè. Bi wọ́n bó o ṣe bi obìnrin yẹn.

Ti Lómè, mi ò ní pè é ní ìmọ̀ràn. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Mi ò tíì rí òkun rí láyé mi, bó o ṣe mọ̀ mí tó, tí mo ń fẹnu kiri gbogbo ayé. Nígbà tá a gba ẹ̀gbẹ́ igi àgbọn yẹn jáde tí mo rí i, mo wá ọ̀rọ̀ àwàdà kan, mi ò rí. Àwọn kúwáyà jókòó sórí yanrìn, wọ́n ń kọrin, Pásítọ̀ ká ṣòkòtò ẹ̀ dé orúnkún. Ìwọ rìn wọnú ẹ̀ títí ó fi kan ẹ ní ojúgun. Mo ń pè ẹ́ pé kó o padà, pé omi yẹn ò mọ ọmọ ẹni. O kọjú sí mi, aṣọ ẹ ti tutù, o ń rẹ́rìn-ín, o ní, "Dádì, ẹ wá, kò jìn." Mi ò wá. Mo ní bàtà mi á bàjẹ́. Bàtà kí ni, Dúpẹ́? Bàtà yẹn ti já báyìí, mo ti sọ ọ́ nù. Tí mo bá ń wakọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja tí mo rí omi Ọya lọ́ọ̀ọ́kán, ìwọ ni mo máa ń rí.

Dúró ná, wọ́n ń pè mí. Èrò ti kún.

Mo ti dé padà. Mo gbé wọn dé Lọ́kọ́ja láyọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe, kò sí tírélà tó lè fi mí sẹ́yìn ní ọ̀nà yẹn àfi tí mo bá fẹ́. Ilé ni mo wà báyìí, màmá ẹ ń gé ẹ̀fọ́, ó ń wò mí. Ó ní ṣé mi ò tíì parí. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣu.

Ọ̀rọ̀ iṣu yẹn, tèmi ni, kò sẹ́ni tó dábàá ẹ̀. Mo ní àwa ará Kábà kì í lọ kí èèyàn lọ́wọ́ òfìfo. Ìgbà náà ni iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lóko. Mo lọ sílùú Ìyàrà, mo ṣa èyí tó dára jù, mo kó o sábẹ́ ìjókòó gbogbo yín, ẹ jókòó ká ẹsẹ̀ kò bí adìyẹ láti ibí dé Tógò. Àwọn kúwáyà ń kùn, mo ní kí wọ́n dúró, pé ní ọjọ́ tá a bá tú iṣu yìí sílẹ̀ níwájú àwọn ará abúlé, ààbọ̀ ìwàásù ti parí.

A dé ẹnu ọ̀nà abúlé ní ọ̀sán. Bàbá àgbàlagbà yẹn jáde sí wa, òun àti àwọn àgbà, èdè wọn fẹ́ jọ tiwa, ṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan ń sọ Yorùbá látinú ilé kejì. Wọ́n kí wa dáadáa. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo gbé iṣu tó tóbi jù síta pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo wọn fà sẹ́yìn.

Bàbá yẹn ní, "Ẹ̀yin káàbọ̀, ẹ wọlé. Èyí ò lè wọlé. Ilẹ̀ wa ò tíì jẹ iṣu tuntun."

Ó dùn mí dọ́kàn, torí tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ṣe é, ẹni tó ti Èkó wá, wọ́n á ní kò mọ̀. Èmi mọ̀. Ìyá àgbà tó tọ́ mi, ní Kábà níbí, kì í fẹnu kan iṣu tuntun títí àwọn àgbà á fi ní ó yá. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó sì máa mu gàrí títí ọjọ́ yẹn á fi pé. Nítorí pé èmi ti ń jẹ ẹ́ nígbà tó wù mí, mo rò pé gbogbo ayé ti ń jẹ ẹ́ nígbà tó wù wọ́n.

Pásítọ̀ fẹ́ ṣàlàyé pé nínú Olúwa kò séèwọ̀. Èmi ní ká rọra fi aṣọ bò ó, ká wọlé. Ìwọ nìkan lo sọ̀ kalẹ̀, o kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ yẹn, o ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" Ó wò ẹ́. Ó wá béèrè pé ta ló ni iṣu. Mo gbáyà síwájú, mo ní èmi ni, iṣu Kábà ni, kò sírú ẹ̀ níbòmíì. Ó ní ó dáa, kí ẹni tó ni iṣu jókòó ti iṣu ẹ̀.

Bí èmi tí mo ti pariwo fún gbogbo páákì ṣe lọ ìrìnàjò ìyìnrere nìyẹn, tí mo sùn sínú bọ́ọ̀sì lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn odi, tí mò ń gbọ́ orin yín láti òkèèrè. Àwọn ará abúlé ń kí mi tí wọ́n bá ń lọ sóko, wọ́n á sì gbójú kúrò lára bọ́ọ̀sì. Mo ń sun iṣu jẹ, mo ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀.

Kòjó, ọmọ bàbá àgbàlagbà yẹn, ni wọ́n ní kó máa gbé oúnjẹ wá fún mi. Ohun tó wù mí lára ẹ̀ ni pé kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi lójú ẹsẹ̀. Ó máa lọ rò ó. Ní ọ̀la ẹ̀, ó máa ti ọ̀nà máa rẹ́rìn-ín bọ̀ pẹ̀lú abọ́ lórí ọwọ́, á ní òun ti mọ ohun tí mo sọ lánàá. Láyé mi, gbogbo èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ọ́ tán, kò sí ẹni tó gbé e relé. Mo fi iṣu sísun lọ̀ ọ́. Ó ní rárá. Mo ní ṣebí tíṣà ni ẹ́, ṣebí o ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bàbá òun ṣì ń dúró de ọjọ́ iṣu tuntun, kò tíì jẹ ẹ́, òun ò lè jẹ ẹ́ ṣáájú ẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, ó wá jókòó tì mí títí mo fi jẹ tèmi tán.

Ta ló wá pè ẹ́ jáde lọ́jọ́ kan pé Dúpẹ́, wá kí ọ̀rẹ́ mi? Èmi náà ni. Èmi tí mo gbọ́n jù ní Kábà. O gbé omi wá, ẹ jókòó síbi gbòǹgbò igi yẹn, ẹ ń sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn pé kò sí ẹni tó ń bá nọ́ọ̀sì àgbà ṣe é. Èmi sùn lọ. Mo sùn bí òkú.

Lẹ́yìn náà ni Pásítọ̀ ní ìwọ lo máa dúró ti nọ́ọ̀sì àgbà títí ẹgbẹ́ á fi padà wá. Mo ní kò burú, mo tilẹ̀ fi ẹ́ yangàn. Iṣu yẹn náà la jẹ láti ibẹ̀ dé Kábà, a sè é, a sun ún, àwọn kúwáyà ò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé bọ́ọ̀sì dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, màmá ẹ wá, ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo inú bọ́ọ̀sì títí dé ìjókòó ìkẹyìn. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ọmọ mi dà?" Mo ní mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́bàá táyà. Èmi náà bá a jókòó. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé àwàdà lè tán nínú èèyàn.

Òun náà ló wá ń jó báyìí. Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Kí n sọ òtítọ́ fún ẹ: mo ti gbèrò ohun kan. Mo fẹ́ dá ẹ lóhùn pé mo gbà, ṣùgbọ́n bí àṣà wa ni, kí gbogbo ẹbí Kòjó wá sí Kábà wá tọrọ ẹ, tọkùnrin tobìnrin, àwọn àgbà wọn, kí wọ́n jókòó sí iwájú ẹbí wa níbí. Mo mọ̀ pé bàbá arúgbó yẹn ò lè rin ọ̀nà yẹn. Mo mọ̀ pé á fà á sẹ́yìn. Bóyá lẹ́yìn náà ọkàn ẹ á yí padà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún màmá ẹ níbi tó ti ń gé ẹ̀fọ́, mo rò pé á ní ọkọ mi gbọ́n.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Àṣà lo fẹ́ ṣe, àbí ọ̀nà jíjìn lo fẹ́ fi há wọn mọ́?"

Ó ní ṣé mo rò pé kò wu òun kí ọmọ òun wà nílé kejì, kí òun máa gbọ́ ìró odó ẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n tí mo bá ní rárá, wàá padà wá lóòótọ́, wàá máa rẹ́rìn-ín sí wa, wàá máa fọ àwo, gbogbo ìgbà tí mo bá sì wò ẹ́, màá mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ ẹ. Ó tún mú ọ̀bẹ, ó ń gé ẹ̀fọ́ ẹ̀ lọ.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo dé mọ́. Màá kàn máa kó wọn lọ bí èrò.

Má fi iṣẹ́ ẹ sílẹ̀ nítorí ọkọ. Kòjó ò ní ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ gan-an, nígbà tó o bá lóyún tó rẹ̀ ẹ́, wàá fẹ́. Sinmi, má fi í sílẹ̀. Irú obìnrin orí omi yẹn pọ̀ níbi tó o wà.

Má jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ sọ Faransé nìkan. Kí wọ́n sọ ti bàbá wọn, kí wọ́n sọ ti Kábà. Tí mo bá pè tí ọmọdé kan gbé fóònù tí ò mọ ohun tí mò ń wí, inú mi á bàjẹ́, màá sì díbọ́n pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Tẹ́ ẹ bá jà, má pè mí lọ́jọ́ ìjà. Pè mí lọ́jọ́ kejì. O mọ bí mo ṣe rí, màá ti dé Òmùò kẹ́ ẹ tó parí ẹ̀.

Bó o bá ń ṣàárò ilé, jẹ́ kí Kòjó mọ̀. Má lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún bó o ṣe máa ń ṣe. Tíṣà yẹn á kọ́kọ́ dákẹ́, kò ní mọ ohun tó máa sọ. Jẹ́ kó lọ rò ó. Á padà wá.

Àwa náà, má fi àárò wa dá ara ẹ lẹ́jọ́. Àárò ẹ ń ṣe mí gan-an, mi ò ní purọ́, ó ń ṣe mí nínú mọ́tò, ó ń ṣe mí nídìí oúnjẹ, ó ń ṣe mí tí mo bá gbọ́ pé èèyàn kan ń jẹ́ orúkọ ẹ. Ṣùgbọ́n tèmi ni. Èmi ni màá máa gbé e. Kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ.

Ó dáa. Ìdáhùn ẹ rè é.

Mo gbà. Fẹ́ ẹ, Dúpẹ́. Má padà wálé nítorí mi. Kí bàbá arúgbó yẹn jókòó sílé ẹ̀, àwa la máa wá bá a. Mo ti ránṣẹ́ sí Pásítọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí mò ń kọ eléyìí pé èmi ni màá wa bọ́ọ̀sì, màmá ẹ á jókòó sí iwájú, àwọn àbúrò mi méjì á tẹ̀ lé wa kí ẹbí má bàa dín. A óò ṣe é níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Màá pariwo, màá jó, màá sọ fún gbogbo abúlé pé èmi ni bàbá ìyàwó, wọn ò ní gbàgbọ́, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ padà, má sìn wá dé ojú ọ̀nà. Dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ẹ, òun náà dúró tì ẹ́, ká dágbére níbẹ̀, kó o sì wọlé. Mo mọ ara mi, tí mo bá rí ẹ nínú díńgí ọkọ̀, mi ò ní lè wa ọkọ̀ náà lọ. Màá fun fèrè lẹ́ẹ̀kan tí mo bá dé oríta. Má jáde. Èmi náà ò ní dúró.

Èmi ni,
bàbá ẹ.